Kòkòrò Tó Ń Jobì

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yẹn rí. Ibi tí a ti ń pa á ni kì í dáa: ìgbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá kó owó ẹgbẹ́ lọ, tàbí tí ọmọ ilé bá júwe ilé fún olè. Àgbàlagbà kan á mi orí, á ní, "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé." Gbogbo àwa tí a jókòó á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lórí kòkòrò, á padà sórí akọ̀wé. Mi ò tíì jókòó níbi tí ẹnikẹ́ni ti dá òwe náà dúró kó bèèrè pé: kòkòrò yìí gan-an, ta ló mú un débẹ̀?

Èmi bèèrè, torí ilé alóbì ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣàgámù nilé wa. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ mọ̀ pé obì gbànja ti gbé orúkọ ìlú yẹn dé Kánò tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá tó bí ìyá mi ta gbànja títí ó fi dàgbà kọjá òwò, àbúrò ìyá mi ló sì gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá, tí obì bá ti ń wọlé láti oko, títí ọyẹ́ á fi mú dáadáa, kò sí àyè ìjókòó ní pálọ̀ ilé wa. Obì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obì wà lábẹ́ àga, obì wà nínú bẹ́sìnnì tó yẹ kí a fi fọṣọ. Bí o bá bi Àǹtí mi pé ibo ni kí o gbé ẹsẹ̀ sí, á ní gbé e sórí.

Gbànja ni mò ń sọ o, kì í ṣe àbàtà. Àbàtà ni obì àbáláyé wa, aláwẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó lè tó mẹ́fà, òun ni wọ́n ń dà níwájú òrìṣà. Gbànja kì í ju àwẹ́ méjì lọ. Apá ilẹ̀ Gáńà ló ti wá, wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Agége ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ. Òrìṣà kò gbà á, ṣùgbọ́n àwọn ará Òkè Ọya gbà á, wọ́n ń pè é ní goro, owó wọn ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń rí ní Ṣàgámù.

Iṣẹ́ obì kì í ṣe iṣẹ́ kí a ká a kí a tà á. Bí wọ́n bá ti fi àdá la èèpo ìta, èyí tó nípọn tó sì ní kókó lára, obì inú rẹ̀ kì í jáde ní pupa bí ẹ ṣe ń rí i nínú àwo. Awọ funfun kan ló wọ̀, awọ náà rọ̀, ó sì kún fún omi. Wọ́n á kó o jọ fún bí ọjọ́ mélòó kan kí awọ yẹn lè rà, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́. Nígbà tó bá rà tán, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ fà. Lẹ́yìn náà ni ìṣà, iṣẹ́ tí kò ní tán: funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀, èyí tí ọ̀bẹ bà lọ́tọ̀. Èyí tó yege á wọ agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ nínú, wọ́n á tún fi ewé bò ó lórí.

Ewé yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Obì tó wà nínú agbọ̀n kò tíì kú. Irúgbìn ààyè ni, ó ń mí, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì ń làágùn. Ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ló jẹ́ omi. Tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé jù, á rọ, á hunjọ, oníbàárà á tẹ̀ ẹ́ wò, á jù ú sílẹ̀. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, á bu. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí mi kì í fi í jẹ́ kí ọjọ́ pẹ́ kó tó tú agbọ̀n sílẹ̀, kó pààrọ̀ ewé, kó tún un ṣà. Ìtúsílẹ̀ yẹn ni mo ti bá kòkòrò pàdé.

Obì kan báyìí, ó tóbi, ó mọ́ tónítóní, mo yí i po, n kò rí ihò kankan lára rẹ̀. Àǹtí mi kàn gbé e lé ọwọ́, ó ní kò wúwo tó, ó fi èékánná là á. Ìdin kan wà níbẹ̀, funfun, kò lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ká kò nínú ihò tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ tó ti di ìyẹ̀fun sì yí i ká. Mo ní, "Àǹtí, ibo ló gbà wọlé?" Wọ́n ní, "Ṣé o ò gbọ́ òwe ni? Inú ẹ̀ ló wà." Wọ́n ju ìdá kan sí ewúrẹ́, wọ́n ń bá ìṣà wọn lọ.

Òwe náà kò parọ́, ó kàn gé ìtàn kúrú ni.

Àwọn tó ti lo ọdún gbọọrọ lórí ìtàn náà kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde wọ Ìbàdàn, ẹ ó kọjá ní Ìdí-Ayùnrẹ́, níbi tí CRIN wà, ilé ìwádìí kòkó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1964. Kòkó ló jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n obì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ kòkòrò obì láti orí igi dé inú agbọ̀n. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Balanogastris kolae, kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ẹnu gígùn níwájú, ìbátan èyí tó ń jẹ àgbàdo nínú àká. Oúnjẹ rẹ̀ ni obì. Ó ní ìbátan mìíràn tí àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà méjì, Daramola àti Taylor, fún lórúkọ: Sophrorhinus gbanjaensis. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Gbànja wa, nínú èdè Látìnì, lọ́rùn kòkòrò tó ń bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lóko. Nígbà tí èso obì bá gbó jù lórí igi, èèpo rẹ̀ á la ẹnu. Òmíràn á já bọ́ sílẹ̀, á fọ́. Òmíràn wà tí kòkòrò mìíràn ti dá ọgbẹ́ sí lára. Ibi tó là yẹn ni ìyá kòkòrò ń wá. Á fi ẹnu gígùn yẹn gbẹ́ ihò tín-ín-rín sára obì, á yin ẹyin sínú rẹ̀, á sì kọjá sórí òmíràn. Ihò náà kéré débi pé ẹni tó ń fọ obì kò lè rí i. Àwọn ìyá wa á wá kó obì, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yìn ín pé ó dára, wọ́n á fi ewé tútù dì í. Ẹyin ti wà nínú rẹ̀. Ó di ìdin, ìdin ń jẹ lọ láti inú, ó sùn sínú ihò tó gbẹ́, ó di kòkòrò níbẹ̀, ó wá lu ògiri jáde. Gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bí oṣù kan.

Nítorí náà, ihò roboto tí ẹ ń rí lára obì, tí ẹ fi ń sọ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ọ̀nà àbájáde ni. Ẹni tí ẹ ń wá ti lọ. Bóyá ó wà lórí obì kejì nínú agbọ̀n kan náà, tó ń yin ẹyin tirẹ̀. Obì tí ẹ rò pé ó dára nítorí pé kò lu, òun gan-an ni ẹ lè bá ìdin nínú rẹ̀. Àǹtí mi kò ka ìwé kankan lórí èyí, síbẹ̀ ìwúwo ló fi ń mọ̀ ọ́n, kì í wo ihò.

Ohun tó wá ya mí lẹ́nu jù kì í ṣe bí kòkòrò ṣe wọlé. Ohun tó ń jẹ níbẹ̀ ni.

Igi kò lè sá fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kò lè gbá ìdin dànù, kò lè ké sí aládùúgbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ igi fi ń gba ara wọn sílẹ̀ ni oògùn, èyí tí obì sì yàn ni káféènì. Friedlieb Ferdinand Runge, ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀ láti inú èso kọfí ní 1819. Akéwì ńlá ilẹ̀ wọn nì, Goethe, ló fún un ní kọfí tó fi ṣe é. Bí a bá sá obì gbẹ, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ káféènì, kò sì kéré sí ti kọfí. Òun wà lára ohun tó ń korò lẹ́nu wa. A rò pé nítorí wa ló ṣe korò, kí àgbà lè máa yọ́ ọ jẹ, kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án. Igi obì kò mọ̀ wá. Àwọn kòkòrò ló ń bá jà.

Ní 1984, James Nathanson ti Yunifásítì Harvard po káféènì mọ́ oúnjẹ ìdin tó ń jẹ ewé tábà. Àwọn ìdin náà kò lè jẹun dáadáa mọ́, ara wọn ń gbọ̀n, èyí tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ kú. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Hawaii fọ́n omi tí wọ́n pò mọ́ káféènì sára ìgbín kéékèèké tó ń yọ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin òdòdó lẹ́nu. Níbi tí káféènì ti tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ìgbín sẹ́yìnkùlé, ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí yín síbẹ̀ o. Àwọn NASA pàápàá, ilé iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún aláǹtakùn ní káféènì ní 1995, wọ́n ya àwòrán okùn tó ta. Ẹ wá a wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aláǹtakùn tó máa ń ta okùn rẹ̀ létòlétò wá so fọ́nrán mélòó kan kọ́lọkọ̀lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Eṣinṣin á gba àárín rẹ̀ kọjá láìdúró kí i.

Ẹ wá wo ìdin inú obì Àǹtí mi. A bí i sínú káféènì, káféènì ló fi ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ó sì sanra. Ohun tí igi fi lé ogunlọ́gọ̀ ọ̀tá lọ ló di ọgbà fún un, níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn tí yóò bá a du oúnjẹ. Kọfí náà ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń hu irú ìwà yìí, àṣírí ìyẹn sì tú ní 2015: àwọn kòkòrò àrùn kéékèèké tó ń gbé inú ikùn rẹ̀ ló ń bá a fọ́ káféènì sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fún un ní oògùn tó pa àwọn èrò inú ikùn yẹn, káféènì tó jẹ wọlé ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde láìfọ́. Kòkòrò ń gbé inú èso, àwọn mìíràn ń gbé inú kòkòrò, àwọn ìkẹyìn yìí ló ń bá a jẹ májèlé rẹ̀. Òwe wa kò tiẹ̀ tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Àwa náà ń jẹ ẹ́, kò sì pa wá, nítorí pé a tóbi, ìwọ̀nba la sì ń jẹ. Ohun tó ń ṣe nínú wa yàtọ̀. Láti ìgbà tí a bá ti jí, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ó ní ibi tó máa ń jókòó sí, bó bá sì ti jókòó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ojú á máa wúwo. Káféènì jọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní àlejò kan wọlé, ó lọ jókòó sórí àga baálé. Kò pàṣẹ, kò sọ̀rọ̀, kò sì dìde. Baálé dúró sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ohun tó ní lọ́kàn láti sọ, kò rí ibi jókòó sọ ọ́. Àárẹ̀ kò kúrò lára. Ìròyìn rẹ̀ ni kò dé ọpọlọ. Èyí ló yẹ kí àwọn awakọ̀ ńlá tó ń fi gbànja la òru já lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa mọ̀. Bí àlejò bá dìde, baálé á wọlé, kò sì ní wá lóun nìkan, torí adenosine kò dáwọ́ pípọ̀ dúró ní gbogbo àkókò yẹn.

Ó sì ń pẹ́ kí àlejò náà tó dìde. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ó ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ìdajì káféènì tó kúrò. Bàbá tó jẹ obì ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago kan òru, tó ń ní ọ̀tá ló ń pe orúkọ òun, ìdajì obì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Lára aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lára ọmọ tuntun, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ yẹn í ṣe.

Mo rántí ìsọmọlórúkọ nígbà tí mo kà á, bí wọ́n ṣe ń fi obì kan ọmọ lẹ́nu kí wọ́n tó ṣàdúrà. Èyí tó ń kan ètè ọmọ kéré púpọ̀, kò sídìí àìfọkànbalẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn dókítà náà ń fún ọmọ tuntun ní káféènì, ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé nígbà tí a bí wọn máa ń gbàgbé láti mí. Èémí á dúró fún ìgbà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Káféènì ló ń rán ọpọlọ wọn létí. Ó wà lára oògùn tí wọ́n ń lò jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi obì wúre pé kí ọmọ yè kò mọ èyí, n kò sì fẹ́ ẹ kà á sí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó kàn bá ara wọn mu ni, inú mi sì dùn sí i.

Omi tí a bá mu lẹ́yìn obì náà tún wà. Ẹni tó ti jobì rí mọ̀ ọ́n: omi kànga lásán á wá máa dùn lọ́fun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní obì ló ń bù kún omi. Kò sí ohunkóhun tó bá omi. Ahọ́n ni. Bí ahọ́n bá ti bá ìkorò kan gbé fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń gba ìkorò náà bí ohun tó yẹ kó wà. Bí omi bá wá ṣàn án kúrò, àìsí rẹ̀ yẹn ni ahọ́n ń túmọ̀ sí adùn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́wò, Linda Bartoshuk wà lára wọn, ti fi ìdánwò hàn pé omi lásán lè ní adùn, kíkan tàbí ìkorò, ohun tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu ló ń sọ irú èyí tó máa jẹ́. Omi tí ẹ ń mu lójoojúmọ́ kò ní ìtọ́wò kan pàtó. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá máa fi obì ṣe jàrá.

Igi yìí kò fi káféènì jà nìkan, ó kéré tán àwọn ìbátan iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òdòdó kọfí àti ti ọsàn ní káféènì díẹ̀ nínú oje tí oyin ń fà. Ní 2013, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Geraldine Wright, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé oyin tó bá mu irú oje bẹ́ẹ̀ ń rántí òórùn òdòdó náà lọ́jọ́ kejì ní ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tó mu ṣúgà lásán lọ. Púpọ̀ rẹ̀ ń pa kòkòrò, kékeré rẹ̀ ń sọ oyin di oníbàárà.

Òdòdó obì ní tirẹ̀ kò fi oyin ṣe. Ẹ sún mọ́ ọn lásìkò tó bá tanná, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ló ń pè. Ó ń rùn. Eṣinṣin ló ń pè. Àwọn eṣinṣin yìí sì ṣe pàtàkì ju bí àgbẹ̀ púpọ̀ ṣe rò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ igi gbànja kì í gba ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀. Ó fẹ́ ti igi mìíràn, òmíràn sì tún ń ṣà wọ́n, tí kì í gba ti gbogbo aládùúgbò. Mo mọ bàbá kan lápá Òde Rẹ́mọ tí igi obì kan ṣoṣo wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó ń tanná lọ́dọọdún, tí kì í so ju ìwọ̀nba lọ. Bàbá ti so màrìwò mọ́ ọn, ó ti ṣépè, ó ti dárúkọ obìnrin kan ládùúgbò tó rò pé ó ń jẹ èso náà lójú orun. Obìnrin náà mà ṣe mí láàánú o! Igi ń wá ọkọ, wọ́n ń pe aládùúgbò ní àjẹ́. Ká ní bàbá gbin igi mẹ́ta mìíràn láti oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀, wọn ì bá ti máa so báyìí.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí ẹ máa rí obì funfun àti pupa nínú èèpo kan ṣoṣo. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n, bàbá wọn lè má jẹ́ ọ̀kan.

Ẹbí obì gan-an tún yà mí lẹ́nu. Orógbó kì í ṣe ìbátan rẹ̀ rárá, bí a tilẹ̀ ń gbé wọn sínú àwo kan náà. Kòkó ni ìbátan rẹ̀, èyí kò ṣòro láti gbà. Ṣùgbọ́n ilá náà wà níbẹ̀. Ewédú wà níbẹ̀, iṣápá, òwú, títí kan igi àràbà. Ẹbí kan ni àwọn onímọ̀ ewéko kó gbogbo wọn sí. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní ṣé ẹbí ni wọ́n ṣe wá ń ta ilá ní ọgọ́rùn-ún náírà.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ohun tí àwọn kan ń ṣe sí kòkòrò yìí lọ́jà. Kòkòrò tó ń fi májèlé igi jẹun kò ní kú fún ohun kékeré, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Mo ti dúró ní ìsọ̀ kan rí, tí wọ́n ń fọ́n oògùn apakòkòrò sórí obì níṣojú mi, dichlorvos, èyí tí wọ́n ń fi pa aáyán, wọ́n sì fi ewé bò ó. Ẹni tó ń fọ́n ọn fi ọwọ́ kan náà jẹ búrẹ́dì. Obì kì í ṣe ẹ̀wà tí a ó sè. Ẹnu ló ń lọ tààrà, aṣọ la fi ń nù ún tá a bá tiẹ̀ nù ún. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta dichlorvos inú ìgò kékeré lọ́jà mọ́, nítorí irú èyí àti nítorí àwọn tó ń fi para wọn. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí kí ẹ wò ó bóyá ó tán.

Inú ń bí mi nítorí pé kò pọn dandan. Oko ni kòkòrò ti ń wọlé, oko náà ló sì yẹ kí a ti tì í mọ́ta. Àwọn CRIN ti ń sọ ọ́ tipẹ́: ẹ já obì kó tó la ẹnu, ẹ má jẹ́ kí èyí tó já bọ́ sùn sílẹ̀, ẹ kó èyí tó ti bàjẹ́ kúrò lábẹ́ igi. Àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ sọ pé kòkòrò lè ba ìdá ọgbọ̀n sí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún obì jẹ́, oko tí ìkórè rẹ̀ bá sì pẹ́ jù lè bàjẹ́ tán. Wọ́n ń sọ ọ́, àgbẹ̀ ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìkórè lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lásìkò kan ń náni lówó ju ìkórè ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó máa gun igi, àwọn tó máa rù ú, owó ọ̀kadà dé títì. Àgbẹ̀ á ní kó gbó tán, ká kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Kòkòrò náà á ní kò burú.

Ọkọ Àǹtí mi ní oko obì lápá ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Mo gbé gbogbo àlàyé yìí kalẹ̀ níwájú wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹyin, ihò, oṣù kan, gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ń jẹ obì lọ ní tiwọn. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, àwọn náà ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n ní ọdún tí olè bá ń da oko láàmú, tí wọ́n fi ń sáré já a kí wọ́n má baà rí i gbé, ọdún náà ni obì àwọn máa ń mọ́ jù.